Igi máńgòrò tútù fún àwo: ṣé kó kọ́kọ́ gbẹ ni, àbí kí n gbé e sórí léètì báyìí?

Ọmọ_Tákíè
Oṣù Kẹwàá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ igi. Ìjì tó jà lọ́sẹ̀ tó kọjá wó igi máńgòrò ńlá kan lẹ́yìn ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Igi àgbà ni, ọwọ́ èèyàn kan kò ká a. Wọ́n ti fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ fún igi ìdáná kí n tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìtì ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Wẹ́dà kan ní Sábó ló bá mi so léètì kan pọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí igi kí èèyàn lè fi irin gbẹ́ ẹ, irin àlòkù àti mọ́tọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ìlọta la fi ṣe é. Mo ti fi gbẹ́ ẹsẹ̀ àga, mo ti fi gbẹ́ ọmọ odó. Àwo ló wá kù tí ọkàn mi ń fà sí.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Mò ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà lórí YouTube, igi kan tí wọ́n ń pè ní walnut ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á gé e lulẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti di àwo, omi á sì máa ta jáde lára igi náà bí irin ṣe ń wọ̀ ọ́. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé igi tútù kì í ṣe é lò, pé kí n gbé ìtì náà sábẹ́ òrùlé fún ọdún méjì kí n tó fọwọ́ kàn án. Ta ni kí n tẹ̀ lé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o, ibi tí wọ́n gé ti ń là tín-ín-rín tín-ín-rín báyìí.


Kápẹ́ńtà_Àpákẹ̀

Òótọ́ ni kápẹ́ńtà yín sọ. Iṣẹ́ àga àti ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe. Ilẹ̀kùn tí a bá fi pákó tútù ṣe nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé, ìka ọwọ́ á wọ àárín rẹ̀, oníbàárà á sì wá gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá bá ọ nílé. Pákó gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó di iṣẹ́. Ti fídíò yẹn, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí kámẹ́rà ò sí níbẹ̀.


Baba_Ọlọ́pọ́n

Kápẹ́ńtà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pákó, ọ̀tọ̀ ni ọpọ́n.

Ọ̀yọ́ ni mo wà, ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí mi sí. Igi tútù la fi ń gbẹ́gi nílé wa. Bàbá mi kì í fọwọ́ kan igi gbígbẹ àfi tí kò bá rí òmíràn. Igi tútù ń gbọ́ràn sí ọ̀bẹ lẹ́nu. Ẹ wá mú igi apá tó ti gbẹ, ẹ sọ àáké sí i, ẹ ó rí i bí yóò ṣe fò padà sókè.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó kọ́kọ́ lé ọnà, àáké la fi ń ṣe ìyẹn, a ò tíì wo ẹwà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, fínfín ló gbẹ̀yìn. Láàárín àlétúnlé sí dídán, iṣẹ́ lè dúró pẹ́. Ibi tó ṣókùnkùn nínú ilé ni à ń gbé e sí, a ó fi aṣọ tútù tàbí ewé bò ó. Oòrùn ò gbọdọ̀ fojú kàn án. Odidi ìtì tí ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ yẹn ló máa ń là. Èyí tí a ti gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò ń rí àyè sún.


Ará_Missouri

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, ìpínlẹ̀ Missouri ni mo ń gbé báyìí, walnut dúdú ló sì pọ̀ jù nínú igi tí mò ń gbẹ́. Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí kápẹ́ńtà sọ náà kì í ṣe irọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń gbẹ́ àwo kan, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀ẹ̀kíní, igi ṣì tútù. Ẹ ó gbẹ́ ìta, ẹ ó gbẹ́ inú, ṣùgbọ́n ẹ ó jẹ́ kí ara àwo nípọn. Ìlànà tí àwa tó ń ṣe é níbí ń tẹ̀ lé ni ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀. Tí àwo bá fẹ̀ tó íǹṣì 12, kí ara rẹ̀ nípọn tó íǹṣì kan àti díẹ̀, kó sì rí bẹ́ẹ̀ láti ẹnu títí dé ìdí. Tí ẹnu bá fẹ́lẹ́ tí ìdí sì ki, ẹnu á ti gbẹ tán nígbà tí ìdí ṣì mu omi, àwọn méjèèjì á sì máa fa ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbé e pa mọ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Á wọ́, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe. Nígbà tó bá gbẹ tán ẹ ó dá a padà sórí léètì, ẹ ó gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni yóò wá rí róbótó tí yóò fẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Apá kejì yìí ni kì í wọ inú fídíò, torí ta ló fẹ́ jókòó wo igi tó ń gbẹ fún oṣù mẹ́fà?

Ìdí tí a ò fi ń dúró kí odidi ìtì gbẹ ni pé ìta rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ìta fẹ́ súnkì, inú tó kún fún omi ò gbà fún un, ìta á bá ya. Bó ti wù kí ẹ tọ́jú rẹ̀ tó, ìtì tí ọkàn rẹ̀, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀ gan-an, ṣì wà nínú rẹ̀ á là níbì kan.


Ọmọ_Tákíè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Walnut yìí, ṣé àwúsá tiwa náà ni? Tó bá jẹ́ òun ni, mo mọ oko ibi tó wà.


Ará_Missouri

Rárá o, àbúrò. Àwúsá tiwa, ìtàkùn ni. Ara igi mìíràn ló ń gùn, kò sí ìtì lára rẹ̀ tí èèyàn lè fi gbẹ́ ṣíbí. Walnut ti ibí, igi ńlá tó ń dá dúró ni, ó sì ń so èso tirẹ̀.

Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, inú rẹ̀ ò tíì ní àwọ̀ tí ẹ ń rí nínú fídíò. Ó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà mìíràn ó tẹ̀ sí àwọ̀ ewé, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó di àwọ̀ kọfí. Funfun ni igi tó wà lábẹ́ èèpo, àwọn kan ń gé e dànù, èmi máa ń fi sílẹ̀ lẹ́nu àwo. Omi ara rẹ̀ ò dáa fún ọwọ́: tí ẹ bá di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù pẹ̀lú omi yẹn, ọwọ́ yín á dúdú, ọṣẹ ò ní tètè bọ́ ọ. Igi náà ní agídí mìíràn. Tòmátò tí wọ́n bá gbìn sẹ́bàá gbòǹgbò rẹ̀ máa ń kú, wọn kì í sì í tẹ́ èérún rẹ̀ fún ẹṣin sùn, torí ó ń fa àìsàn burúkú sínú pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin.

Fún iṣẹ́ léètì ṣá, kò sí igi tó dùn gbẹ́ tó o.


Ìṣirò_LAUTECH

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ti ẹ̀gbọ́n Missouri lẹ́yìn, torí ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn kì í ṣe àdììtú.

Igi kì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Láti ìdí lọ sókè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Láti ọkàn igi lọ sí èèpo, walnut dúdú ń súnkì ní ìdá 5.5 nínú 100, láti ìgbà tó wà ní tútù títí tí omi á fi tán pátápátá nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ lé òrùka inú igi yípo, ó di ìdá 7.8. Àwo inú ilé kì í gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó dúró níbi tí omi inú rẹ̀ tó ìdá 12. Súnkì náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí omi á fi wálẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 30. Nítorí náà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún 7.8 yẹn la máa rí, ìyẹn 4.7.

Ẹ wá gbé àwo oní-íǹṣì 12. Ní ìbú, ó ti pàdánù ju ìdajì íǹṣì lọ. Ní ìhà tó tẹ̀ lé gígùn igi, ó ṣì jẹ́ 12. Tí ara rẹ̀ bá nípọn tó íǹṣì kan àti díẹ̀, ẹ ó rí i tún gbẹ́ kó rí róbótó, yóò sì ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ ìdajì íǹṣì lẹ fi sílẹ̀, ohun tó máa kù lẹ́yìn títún un gbẹ́ ò ní pé ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì níbi tó fẹ́lẹ́ jù, a ò sì tíì ka ti ẹnu àwo tó máa gbúnrí sókè sódò.

Máńgòrò ní iye tirẹ̀, ọ̀nà kan náà ni a ó fi ṣe é.


Kápẹ́ńtà_Àpákẹ̀

Ó dáa, mo gbọ́ ti ìṣirò. Ṣùgbọ́n Missouri kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ o. Oṣù Kẹwàá la wà yìí. Ẹ ka oṣù méjì sí i, ọyẹ́ ti dé, ètè èèyàn pàápàá ń là. Àwo tó nípọn ní íǹṣì kan tí ẹ bá gbé sílẹ̀ nínú ọyẹ́, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá kejì nígbà tó bá sán.


Ará_Missouri

Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ yẹn lẹ ti mú mi. Nígbà òtútù níbí, ilé tí a fi ẹ̀rọ mú gbóná máa ń gbẹ bí ọyẹ́, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù ni mò ń gbé tèmi sí. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa lò ní tòsí yín.


Sọ́mìlì_Awẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi dá sí ti ọyẹ́, torí ojoojúmọ́ là ń bá a jà ní sọ́mìlì.

Àpò sìmẹ́ńtì. Ìyẹn ni ìdáhùn. Ẹ gbọn ún dáadáa, ẹ kó èérún igi tútù tó jáde lára àwo yẹn gan-an sí i, ẹ gbé àwo sáàárín èérún, ẹ ká ẹnu àpò. Èyí tí wọ́n fi bébà ṣe ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ọ̀rá, ó ń jẹ́ kí omi máa jáde díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ sí igi tààrà. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ ṣí i wò. Tí olú bá ti ń hù lára èérún, ẹ da èérún náà nù kí ẹ fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yàrá tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí àjà, kì í ṣe abẹ́ páànù.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì: omi inú igi ń gba ẹnu ibi tí a gé jáde ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni ojú iṣan igi ṣí sí. Ìyẹn ló fà á tí ibẹ̀ fi ń kọ́kọ́ là. Lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nílé kun ẹnu méjèèjì ìtì yẹn, ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri tó, kó ki. Tàbí kí ẹ yọ́ àbẹ́là sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbẹ́ àwo, ojú iṣan yẹn á tún hàn síta níbi méjì tó dojú kọra lára rẹ̀, ẹ kun ibẹ̀ náà.

Bí ẹ ṣe máa là á: ẹ gé ibi tó ti là yẹn kúrò títí ẹ fi dé ibi tó mọ́. Ẹ gé ìtì náà kí gígùn rẹ̀ ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀. Kí ẹni tó ni ẹ̀rọ ìgégi wá là á sí méjì ní ìnàró, kó gba ọkàn igi kọjá, kó sì fá ọkàn náà kúrò lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dá ọkàn sí lára àwo, ì báà tín-ín-rín bí okùn. Ojú pẹrẹsẹ yẹn ni ẹ ó fi ṣe ẹnu àwo, ìhà èèpo á di ìdí.


Ọmọ_Tákíè

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bá mi san án. Mo ti kun ún. Ọjọ́ Sátidé ni ẹlẹ́rọ ìgégi ń bọ̀.


Baba_Ọlọ́pọ́n

Ọmọ mi, kí o tó tan mọ́tọ̀ yẹn: ìtì tútù wúwo, kò sì tíì rí róbótó. Fi àáké gé igun rẹ̀ gbogbo kúrò ná. Léètì tí wọ́n fi mọ́tọ̀ ìlọta ṣe, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ ju eré kan lọ, eré náà á sì pọ̀ jù fún igi tó ń gbọ̀n. Mo ti rí ibi tí irú rẹ̀ ti já tó lọ bá ògiri.


Ará_Missouri

Baba sọ òótọ́. Kí wẹ́dà yín fi púlì ńlá sí apá tó ń yí igi, kì í ṣe sí mọ́tọ̀, kó lè yí jẹ́jẹ́. Péètì irin tí ẹ fi skúrúù dè mọ́ ojú pẹrẹsẹ igi ló dájú jù fún ìbẹ̀rẹ̀, skúrúù tó nípọn, kó sì gùn. Ẹ má lo ìṣó. Ẹ gba ike ìbòjú tó bo gbogbo ojú, ẹ má dúró níwájú ibi tí igi ń yí sí nígbà tí ẹ bá ń tan iná, ẹ má wọ aṣọ alápá gbọọrọ. Lẹ́yìn ìyẹn tó kù ni ayọ̀.


Ọmọ_Tákíè
Ọjọ́ Àìkú

Mo ti gbẹ́ ẹ o!

Ẹ ò ní gbà gbọ́ omi tó wà nínú igi yẹn. Bí gọ́ọ̀jì, irin tí mo fi ń gbẹ́ ẹ, ṣe fẹnu kàn án ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ìlà omi kan ṣoṣo lórí ògiri, ìlà mìíràn láti àyà mi dé iwájú orí. Èérún rẹ̀ ń jáde ní gígùn láì já, bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn, ó ń ká lé mi lọ́wọ́, ó tutù, ó ń rùn bíi máńgòrò tí kò tíì pọ́n. Mo gbẹ́ ìta títí ó fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, mo rí ìlà dúdú kan tó gba inú funfun náà kọjá, mo ti rò pé ó ti là, ìyẹn ni mo ṣe pa léètì. Kì í ṣe ìlà lílà, àwọ̀ igi náà ni.

Ìbéèrè méjì. Èkíní: mo dé àárín inú rẹ̀ ni iná bá lọ, kò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fi aṣọ bò ó. Ṣé ó ti bàjẹ́? Ìkejì: ọrùn àti apá mi ń hún mi láti àná, ó sì ti lé kókó pupa pupa.


Sọ́mìlì_Awẹ́

Ti iná yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ọ̀rá ńlá sẹ́bàá léètì. Tí iná bá ti lọ, ẹ da èérún tútù sínú àwo lórí léètì níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀, ẹ so ó. Á dúró tútù di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá kò dà bí àpò sìmẹ́ńtì, olú á gbà á. Iṣẹ́ tí ẹ gbẹ́ dé àárín tí ẹ fi sílẹ̀ láì wé, ìta ti fẹ́lẹ́, ìdí ṣì ki, á wọ́ lórí léètì kí ilẹ̀ tó mọ́.


Adùnní_Akẹ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti ara híhún yẹn, oje máńgòrò ni. Ṣé ẹ ò mọ bí oje ìdí máńgòrò ṣe máa ń jó ọmọdé lẹ́nu ni? Ohun tó wà nínú oje yẹn wà nínú igi tútù náà. Kajú burú jù ú lọ, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ kíákíá lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má fọwọ́ oje nu ojú. Tó bá wú tàbí tó dé ojú, ẹ lọ rí dókítà.

Èmi kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, igbá fínfín ni mò ń tà l'Ọ́yọ̀ọ́, ṣùgbọ́n mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, torí àwọn tó ń ra igbá lọ́wọ́ mi ń béèrè àwo igi.


Baba_Ọlọ́pọ́n

Kí ẹ fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń fi sáńpépà ra á, òun ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Adùnní. Ìyẹ̀ ìrókò náà ń mú àyà fún èèyàn, kì í ṣe ti máńgòrò nìkan.


Fínnigbá_Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ilé. Ìbéèrè ni mo ní fún ẹ̀yin oní-ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú gbẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ṣì tútù, kí ẹ fi sílẹ̀ kó wọ́ bó ṣe fẹ́? Èyí tó fẹ́lẹ́ kì í là, torí ó ń tẹ̀ dípò kó ya. Igbá tí mò ń fín, kò sí ọ̀kan tó rí róbótó, ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà.


Ará_Missouri

Ọ̀nà gidi ni, ọ̀pọ̀ níbí ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ara rẹ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ, kó sì ṣe déédéé káàkiri. Ó ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ ní ìjókòó kan. Pẹ̀lú iná tiyín…


Adùnní_Akẹ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Fínnigbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tà á. Àwo tó wọ́, tí mo bá tò ó lé ara wọn, á máa mì. Tí oníbàárà bá fẹ́ ọmọrí, kò ní dé e. Ọ̀kan tó wọ́ dára fún ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri, àwọn tó fẹ́ kó èso tàbí ẹ̀pà sí i ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó rí róbótó fún mi.


Fínnigbá_Ọ̀yọ́

Haa, ìyá ọjà ti sọ̀rọ̀. Mo pa ẹnu mi dé.


Ìṣirò_LAUTECH

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Kì í ṣe ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n. Síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ẹran dídì ti tó. Ẹ fi bírò kọ kílò rẹ̀ àti ọjọ́ sí ìdí àwo gan-an, kí ẹ tún máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ á máa fò sílẹ̀, lẹ́yìn náà á máa rọra. Tí iye náà bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti bá afẹ́fẹ́ ilé yín mu.

Ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yàtọ̀ sí ti òjò. Èyí tó dúró lójú kan ní Oṣù Kìíní á tún gba omi díẹ̀ sára tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.


Ọmọ_Tákíè
Oṣù Kẹta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá jábọ̀. Àwọn àwo inú àpò sìmẹ́ńtì ti dúró lójú kan lórí síkéèlì. Ọyẹ́ wá, ó lọ, èyí tó là ni èyí tí ọkàn igi ṣì wà létí ẹnu rẹ̀, bí Sọ́mìlì ṣe sọ. Àwọn tó kù wọ́ dáadáa ṣùgbọ́n wọ́n pé. Olú ti ya àwọ̀ sí ara méjì nínú wọn, àwọ̀ eérú pẹ̀lú ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, mi ò tíì rí irú ẹwà bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti gbé ọ̀kan padà sórí léètì, ó le nísinsìnyí, èérún rẹ̀ ti di ìyẹ̀, kò sí omi mọ́.

Ó kù kí n fi òróró pa á. Ìyá mi ní kí n lo epo pupa.


Baba_Ọlọ́pọ́n

Má lo epo pupa. Kì í gbẹ, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó bá pẹ́ á máa rùn. Àdí àti òróró ẹ̀pà náà kì í gbẹ. Òrí dára, ìwọ á kàn máa tún un fi pa á láti ìgbà dé ìgbà. Yọ́ ìda oyin díẹ̀ mọ́ òrí náà, á dán.

Tún yẹ ìdí àwọn àwo yẹn wò fún ihò kéékèèké. Kòkòrò fẹ́ràn máńgòrò. Tí o bá rí ìyẹ̀ funfun tó ń jábọ́ lábẹ́ rẹ̀, ya ìyẹn sọ́tọ̀ kí ó tó ran èkejì.


Ará_Missouri

Níbí, òróró èso walnut fúnra rẹ̀ ni àwọn kan fi ń pa àwo, torí ó wà lára àwọn òróró tó ń gbẹ tó sì ń le lórí igi. Ẹ mọ ohun tó dùn mọ́ mi? Òróró àwúsá tiwa náà ń gbẹ, bíi ti lín-síìdì, òróró tí wọ́n ń fi pa igi. Ìtàkùn tí kò ṣe é gbẹ́ yẹn ló ní òróró tó yẹ igi. Tí ẹ bá rí ẹni tó lè fún un jáde, ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún pa á. Lín-síìdì tí wọ́n ń tà nílé ọlọ́dà, ẹ má fi pa àwo oúnjẹ, wọ́n sábà máa ń po kẹ́míkà tó ń mú un tètè gbẹ mọ́ ọn. Ẹ tún jọ̀ọ́, aṣọ tí ẹ bá fi nu òróró tó ń gbẹ, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ sá a síta kó gbẹ.


Adùnní_Akẹ̀sán

Kí ẹni tó bá máa rà á mọ̀ pé òróró àwúsá ló wà lára rẹ̀ o, ara àwọn kan kò gba irú èso bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Tákíè, mo fẹ́ àwọn tí olú ya àwọ̀ sí yẹn, gbogbo wọn. Ẹ bá mi ṣe ọmọrí sí méjì nínú wọn. Èló ni?


Ọmọ_Tákíè

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó ní ìkọ̀kọ̀, màmá. Ti ọmọrí yẹn, ṣé mo lè fi pákó tó wà nílẹ̀ ṣe é?


Baba_Ọlọ́pọ́n

Lára ìtì kan náà ni kí o ti mú un, kó sì tẹ̀ lé iṣan igi bíi ti àwo, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa sún tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọmọrí àti ẹnu. Tí o bá jẹ́ kó há pinpin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní ṣí ní Oṣù Keje.


Ọmọ_Tákíè

Ìtì kékeré kan ṣì wà nílẹ̀ tí mo ti kùn lẹ́nu. Mo máa là á lọ́sẹ̀ yìí.


Kápẹ́ńtà_Àpákẹ̀

Tí ẹ̀ka kankan bá kù lára máńgòrò yẹn, ẹ má jẹ́ kí onígi ìdáná gbé e. Mo ti bá wẹ́dà yín ní Sábó sọ̀rọ̀, mò ń bọ̀ wá gbé e.